Láti Awóyè dé Àbújá: Bí A Ṣe Bá Ẹjọ́ Omi Wa Dé Ilé Ìkẹyìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró ní èbúté, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni Àbújá ti rí, mo ti dáhùn títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Èmi Ìyá Fẹ́mi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan kí ó máa ròyìn, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ọkọ̀ ni mo ń wà láti Awóyè sí Igbókòdá, èrò ni mo ń kó, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti dákẹ́ ni ara máa ń yún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan ń sọ kiri nípa ìrìn-àjò wa kò jọ ohun tí ojú mi rí. Wọ́n ní ṣe ni a lọ ta ẹjọ́ náà. Wọ́n ní adájọ́ lé wa jáde. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an, kí ìbínú tó mú mi dákẹ́.

Fún ẹ̀yin ará Etíkàn àti Òde Màhín tí ẹ kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ohun tó gbé wa lọ nìyí. Páìpù ilé-iṣẹ́ epo kan tó gba abẹ́ omi wa kọjá bẹ́, epo rọ̀bì sì bo odò tí a ti ń pẹja. Àwọ̀n dúdú, ọkọ̀ dúdú, ẹja sá lọ. Igi etí omi kú lórí ìdúró. Títí di òní, bí o bá ti ọ̀pá bọ inú ẹrẹ̀, epo ni yóò kọ́kọ́ rú jáde. A pè wọ́n lẹ́jọ́. Bàbá Orímisàn, àgbà àdúgbò wa, ló fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú, nítorí òun ló ń parí ìjà láàárín wa, òun náà ni kò sì bẹ̀rù ilé-iṣẹ́ ńlá. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀, èyí tó wà ní Òkìtìpupa, dá wa láre. Àwọn elépo pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Akúrẹ́, a tún borí wọn. Ó wá ku Àbújá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí kò sí ibòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ níbẹ̀ pé a jàre, dandan ni kí àwọn elépo wá palẹ̀ omi wa mọ́. Bí wọ́n bá sọ ohun mìíràn, ọwọ́ wa ṣófo nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà pẹ̀lú Bàbá ti kú. Òun ló kù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gòkè ọkọ̀, ó sì ní etí òun ni òun yóò fi gbọ́ ìdájọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó jókòó sílé, pé lọ́yà á pè é lórí fóònù. Ó ní ènìyàn kì í ti orí fóònù gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Èmi ni wọ́n wá ní kí n bá a lọ, nítorí pé mo gbọ́ òyìnbó díẹ̀, àti nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a jiyàn.

Ilẹ̀ tí kì í tán

N kò ní fi mọ́tò àti páàkì dà yín láàmú. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí mọ̀ pé ìyà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ilẹ̀ kì í tán. Láti Akúrẹ́ lọ, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, mo ń retí kí a kan omi, ilẹ̀ ṣáá ni. Òkè, igbó, oko iṣu, òkè mìíràn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ àga títí obìnrin tó jókòó tì mí fi béèrè bóyá ara mi kò yá. Mo ní ara mi yá, ilẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó rọra sún mọ́ fèrèsé.

Lọ́kọ́jà ni omi ti yọ sí wa, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Bàbá ti ń tòògbé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jí lójijì, tó ní kí dírẹ́bà dúró. Dírẹ́bà ní ibẹ̀ kò ṣeé dúró sí. Bàbá yí ọrùn, ó ń wò ó títí òkè fi bo omi náà mọ́ wa lójú. Ó wá bi mí pé omi tó tó báyìí, ta ní ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Mo ní n kò mọ̀. Ó pòṣé, ó ní ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀.

Ìlú tí wọn kì í béèrè ibi tí o ń lọ

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Àbújá. Títì wọn fẹ̀ ju bí ẹ ti ń rí i nínú tẹlifíṣọ̀n lọ, ó fẹ̀ débi pé ẹni tó wà lódì kejì ti di ará ìlú mìíràn. Ọyẹ́ ń fẹ́. Kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀, ètè mi ti là, ojú Bàbá sì ti funfun fún eruku.

Àlàájà Ràbíátù ló gbà wá sílé. Ọmọ Etíkàn ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ta ẹja yíyan àti edé fún àwọn ará Àbújá. Bí ó ti rí Bàbá, orí sìmẹ́ńtì ló kúnlẹ̀ sí, ó fi èdè ilé wa kí i pé, "Bàbá, ẹ kú ọ̀nà. Ulé ńkọ́? Omi ńkọ́?"

Bàbá ní ulé wà. Kò dáhùn ti omi.

Àlàájà kò bi í léèrè mọ́. Ó lọ gbé bàsíà omi tútù wá, ó gbé e síwájú Bàbá, ó ní gbogbo ará wa tó bá wá síhìn-ín, ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ máa ń ṣàárò ilé. Bàbá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, kò pẹ́ ló sùn lọ lórí àga. Ó ní kí èmi náà ki tèmi bọ̀ ọ́, mo ní n kì í ṣe ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò mí, mo ki tèmi náà bọ̀ ọ́, mo sì gbádùn rẹ̀.

Àlàájà fi tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ kúkà ṣe wá lálejò. Ewé igi oṣè ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọbẹ̀ yẹn dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹja inú rẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́. Ẹja inú kòtò ni, tí wọ́n ń bọ́ bí adìẹ, kò mọ iyọ̀, kò mọ ìgbì. Bàbá tọ́ ọ wò, ó ní ẹja yìí kò sá fún ẹnikẹ́ni rí. Púpúrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, tí mo dì láti ilé ló ń jẹ títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí mása, àkàrà ìrẹsì tí àwọn obìnrin Háúsá ń dín lẹ́bàá títì, ó ń fi oyin jẹ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ohun tó tilẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé àlejò ni mí ni ìkíni wọn. Lórí omi wa, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, o gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí ẹnì kejì ń lọ, òun náà gbọ́dọ̀ dá ọ lóhùn. Bí ìjì bá dé, a ó mọ ibi tí a ó ti wá a. Mo jí ní Àbújá, mo rí obìnrin kan tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Àlàájà, mo kí i, mo bi í pé ibo ló ń lọ láàárọ̀ yìí. Obìnrin náà di báàgì rẹ̀ mú gírígírí, ó sì yára kọjá. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n má tún béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ o, kí wọ́n má lọ pe ọlọ́pàá. Mo ní bí ẹnì kan bá wá sọnù ńkọ́? Ó ní à ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń rìn láti ẹnu géètì dé ìdí tánkì omi, mo tún ń padà. Ilẹ̀ wọn kì í mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Pákó tí a tẹ́ sórí omi nílé máa ń dá ọ lóhùn bí o bá tẹ̀ ẹ́, òun lo fi ń mọ̀ pé o wà láyé. Níbẹ̀ yẹn, o lè rìn títí di alẹ́ kí ohunkóhun má ṣe mọ̀ pé o kọjá.

Bí ìwé òfin ti pín in

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdájọ́, lọ́yà wa wá bá wa. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ọ̀gá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà kí ọlọ́jọ́ tó dé, òun ló sì gbà á ṣe. Àlàájà gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ó ní ohun kan wà tí òun gbọ́dọ̀ là yé wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní àwọn kóòtù kò ṣàdédé hù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló dá gbogbo wọn sílẹ̀. Ìwé náà fi òfin ṣíṣe lé àwọn aṣòfin lọ́wọ́, ó fi ìṣèjọba lé ààrẹ àti àwọn gómìnà lọ́wọ́, ó sì fi ìdájọ́ lé àwọn ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ́ ọ̀gá lórí ohun gbogbo. Kò wá da ìdájọ́ náà lé wọn lọ́wọ́ ní òkìtì kan. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fún oníkálukú ní ààlà tirẹ̀. Ẹjọ́ báyìí, ti ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ni. Ẹjọ́ tọ̀hún, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ohun tó bá sì ti jẹ mọ́ epo rọ̀bì àti wíwa epo, ìwé náà ní ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bàbá ní ti Òkìtìpupa, ti ta ni? Lọ́yà ní ti ìpínlẹ̀ ni.

Ó ní àwọn elépo kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Òkìtìpupa, wọn kò sọ ọ́ ní Akúrẹ́. Àbújá ni wọ́n ti wá rántí rẹ̀. Mo fò sókè. Mo ní ta ní ń jẹun tán kó tó sọ pé òun kì í jẹ ẹ́? Mo ní kí adájọ́ lé wọn padà, wọ́n ti pẹ́ jù. Lọ́yà mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ àṣẹ, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ilé-ẹjọ́ ní láti gbọ́ ẹjọ́, kì í pẹ́ jù. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè gbé e dìde, títí dé ilé ìkẹyìn, nítorí pé àwa tí à ń jà, àwa àti àwọn elépo, a kò lè fún ilé-ẹjọ́ ní agbára tí ìwé òfin kò fún un, ì báà jẹ́ pé a jọ fẹnu kò sí i.

Ó yẹ kí n dúró níhìn-ín kí n sọ bí a ṣe dé Òkìtìpupa, nítorí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá lọ́yà yìí ti sọ fún àwọn àgbà wa nígbà náà pé ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Akúrẹ́ ni kí wọ́n gbé e lọ. Bàbá Orímisàn ló kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ omi, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gé àwọ̀n ẹnì kejì, tàbí tí ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn, èbúté àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kàn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ rojọ́, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní òun kò ní í dúró níbẹ̀, pé èbúté tó wà níwájú lòun ń lọ, a ti mọ̀ pé irọ́ ló gbé dání, tó ń wá ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Òkìtìpupa ló sún mọ́ wa. Bàbá ní bí a bá fò ó lọ sí Akúrẹ́, gbogbo ayé á ní ẹjọ́ wa kò mọ́. Kò sí àgbà kan tó ta kò ó. Ọ̀gá lọ́yà wá ní ó dáa, òun á kọ ọ́ ní ẹjọ́ ẹja àti àwọ̀n, kì í ṣe ẹjọ́ epo, bóyá yóò gbà. Ó sì ti ń gbà bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Bàbá gbé ojú sókè sí lọ́yà. Ó wá ní, "Nítorí kí wọ́n má baà pè wá ní òpùrọ́ ni mo ṣe ní kí a má fò ó."

Lọ́yà ní òun mọ̀. Ó ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná, àwọn adájọ́ lè gbà pé ẹjọ́ ẹja ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

Ẹnu géètì

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ka ìdájọ́ níbẹ̀. Ilé náà tóbi, òrùlé rẹ̀ rí roboto lókè, àwọn lọ́yà ń wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú àti irun funfun lórí, gbogbo wọn ń yára, inú mi sì dùn díẹ̀ pé mo rí àwọn tí ara wọn kò balẹ̀ bíi tèmi.

Ní ẹnu géètì, wọ́n tú báàgì mi, wọ́n bá ẹja yíyan níbẹ̀. Mo dì í wá láti ilé pé bí a bá jàre, lọ́yà ni n ó fún. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ tó ń tú u, ará òkè ọya ni, ó gbé ẹja náà sókè, ó wò ó, ó wo Bàbá, ó wá fi òyìnbó jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ẹ̀rí ẹjọ́ ni. Mo ní rárá, ẹ̀bùn ni. Ó ní ẹja kì í wọ kóòtù. Ó wá fi bébà wé e dáadáa, ó fi í sí abẹ́ òjìji igi níbi tí òòrùn kò dé, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ kan tì í kí ológbò má baà gbé e. Mo kí i títí. N kò tíì rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ látìgbà tí a ti dé.

Nínú ilé, wọ́n fi wá sí ẹ̀yìn. Bàbá arúgbó kan tó wé láwàní jókòó tì wá, ó gbọ́ wa lẹ́nu, ó sì fi Yorùbá kí wa. Ó ti gbé Ìlọrin rí. Málàmù Sání lorúkọ rẹ̀. Ó na dàbínù, èso dídùn ilẹ̀ Háúsá, sí Bàbá, ó sọ pé òun àti àbúrò òun ló ń fa ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àlùkálì, adájọ́ abúlé wọn, ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ilé-ẹjọ́ Ṣàríà, ó gba kòtẹ́milọ́rùn, ó sì wá parí síhìn-ín. Bàbá yí padà sí mi. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹjọ́ aṣálẹ̀ àti ẹjọ́ etí òkun, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń bọ̀ wá sùn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó gba dàbínù mìíràn, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìdúró Bàbá

Nígbà tí àwọn adájọ́ wọlé, gbogbo wa dìde. Nígbà tí wọ́n jókòó, gbogbo wa jókòó. Wọ́n ka ti àwọn mìíràn. Mo há mọ́ àárín àga, kò sí àyè láti na ẹsẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ènìyàn jáde wọlé. 

Wọ́n wá pe nọ́ńbà tiwa, wọ́n sì pe orúkọ Orímisàn. Bàbá dìde. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a ń dájọ́ fún kì í jókòó gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ kan juwọ́ sí i pé kí ó jókòó, kò rí i, tàbí kò fẹ́ rí i. Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ wá. Adájọ́ tó ń kàwé, obìnrin ni, gbé ojú sókè lórí ìwé, ó wo Bàbá, ó sì fi ọwọ́ dá òṣìṣẹ́ náà dúró. Bàbá wà lórí ìdúró títí ó fi kà á tán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀pá.

Kò pẹ́ púpọ̀. Mo ń gbọ́ ọ ní ẹyọ ẹyọ. Mo gbọ́ odò, mo gbọ́ páìpù. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà, ẹja ni o, àwọ̀n ni o, láti inú epo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣàn wá. Ó ní ilé-ẹjọ́ Òkìtìpupa kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ, nítorí náà ìdájọ́ rẹ̀ kò dúró, èyí tí Akúrẹ́ gbé lé e lórí kò sì lè dúró. Ó ní ẹni tó bá ní ẹ̀dùn lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó yẹ. Ó yí ìwé dé, ó sì pe nọ́ńbà tó kàn.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ sí mi létí, ó fi èdè ilé béèrè ohun tí wọ́n sọ. "Kí ni ghán sọ?"

 Mo dì í mú ní apá, mo mú un jáde.

Lábẹ́ igi

Lábẹ́ igi tí ẹja mi wà ni a dúró sí. Lọ́yà bọ́ irun orí rẹ̀, ó sì là á yé Bàbá látòkè délẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Àwa àti àwọn elépo, ta ni wọ́n ní ó sọ òtítọ́?"

Lọ́yà ní, "Bàbá, wọn ò tíì béèrè ìyẹn."

Inú bí mi. N kò ní fi bò fún yín, inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ìta ilé-ẹjọ́ la wà. Mo ní gbogbo ọdún tí à ń lọ tí à ń bọ̀, eré ni? Adájọ́ Òkìtìpupa tó wọ bàtà òjò wá wo omi wa, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan epo, ṣé ojú àlá ni? Lọ́yà dúró kí n sọ tèmi tán. Ó wá ní òun náà kò sùn. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, bí wọ́n bá jẹ́ kí ilé kan kọjá ààlà rẹ̀ nítorí pé ó ṣe yín lóore lónìí, ilé mìíràn á kọjá ààlà rẹ̀ lọ́la láti gba omi náà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ máa wá fi mú un?" Òótọ́ lè wà níbẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́ òótọ́ kankan lọ́jọ́ náà.

Ó ní ọ̀nà ṣì wà. A lè bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀, ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Akúrẹ́. Àwọn elépo á sọ pé ó ti pẹ́ jù. Àwa á sọ pé epo náà ṣì ń jáde nínú ẹrẹ̀ títí di àárọ̀ òní. Ó lè gùn o. Kò fi èyí pa mọ́ fún wa.

Málàmù Sání jáde wá bá wa. Òun jàre tirẹ̀, ojú sì ń tì í láti yọ̀ níwájú wa. Ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó ní àbúrò òun kò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, àgbà méjì. Lọ́yà ò gba ẹja náà lọ́wọ́ mi, nítorí náà ọkùnrin ẹnu géètì ni mo fún. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wá gbà á.

Ilé

Mọ́tò gbé èmi àti Bàbá padà dé Igbókòdá. Nígbà tó gòkè ọkọ̀ mi ni ó tó mí èémí tó jinlẹ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo sáré ju bó ti yẹ lọ, kò sì bá mi wí.

Wọ́n ti ń dúró dè wá lórí pákó níwájú ilé rẹ̀, tọmọdé tàgbà, àwọn kan tilẹ̀ wá láti Etíkàn. Wọ́n ti gbọ́ pé a pàdánù, wọn kò mọ ohun tí a pàdánù. Bàbá kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn, kò dín, kò lé. Ó wá ní, "Ọ̀gá lọ́yà sọ fún wa pé kí a lọ sí Akúrẹ́. Èmi ni mo ní kí a má fo Òkìtìpupa. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bá wí, ẹ má wò jìnnà."

Kò sí ẹni tó bá a wí. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí wọ́n bá wà nípò rẹ̀, èbúté tó sún mọ́ yẹn náà ni wọn ì bá dúró sí. Ìyá Ikúẹ̀sán, tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó jọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà kí ó tó kú, ló béèrè pé kí ni wọ́n wá sọ nípa omi? Mo ní wọn kò tíì dé orí omi. Ó ní nígbà náà, kí la ṣì jókòó fún?

Bí a ṣe gbà nìyẹn pé a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Mo pe lọ́yà, mo gbé fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ nílò ni orúkọ ẹni tí yóò ṣíwájú. Gbogbo ènìyàn ní Orímisàn ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Orúkọ tèmi ti rìn dé ibi tó lè dé. Ẹ fi orúkọ ẹni tí yóò wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dáhùn." Ó sì yí ojú sí mi.

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tó ń bọ̀: àga kóòtù, ìsúnsíwájú, àga kóòtù, títí irun orí mi yóò fi funfun, èmi tí n kò lè jókòó jẹ oúnjẹ tán. Mo wo ọkọ̀ mi, ó wà nítòsí, Fẹ́mi ọmọ mi sì wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá, ó ti wú láti inú mọ́tò, ó sì wà lórí ìdúró, ó ń retí mi. Lọ́yà tún béèrè nínú fóònù pé orúkọ ta ni kí òun kọ.

Mo jókòó sórí pákó. Mo pe orúkọ mi fún un ní kíkún, mo sì ní kí ó kọ ti Fẹ́mi sí abẹ́ rẹ̀, bí tèmi náà kò bá tó.